Ọ̀dá Kì í Pariwo

Ìyá àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ìsin, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ló ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá àgbẹ̀. Mo gbin àgbàdo éékà mẹ́rin àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lọ́dún yìí. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ dáadáa. A gbìn, ó hù, a ro ó, mo ra ajílẹ̀ sí i. Ó kù díẹ̀ kí ó yọ irun ni òjò bá dáwọ́ dúró. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀kán omi kan ò kán. Éékà mẹ́ta ló ti di koríko màlúù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sì jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ₦180,000. Ọmọkùnrin kan wá sí abúlé, ó ní ìjọba ti gbé owó ìrànwọ́ ọ̀dá jáde, ó gba ₦3,000 fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà náà sọ pé bí òjò ò bá rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ìjọba a máa sanwó fún àgbẹ̀. Ṣé tiwa náà wà? Báwo ni mo ṣe máa rí i gbà?"

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdánù oko. Ẹni tí kò bá gbin àgbàdo rí kò lè mọ bó ṣe ń rí lára, kéèyàn máa wo oko tó ti náwó lé lórí kó máa ká ewé jọ bí ẹni tí òtútù mú, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ₦3,000 yẹn kúrò nílẹ̀. A kì í ta fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba. Ìbáà jẹ́ ti Àbújá, ìbáà jẹ́ ti Ìlọrin, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ní Òwù-Ìsin, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí jàǹbá bá. Ọmọkùnrin yẹn kò mú orúkọ yín dé ibì kankan. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni bóyá ó gba nọ́ńbà NIN tàbí BVN yín mọ́ ọn. Tí ó bá gbà á, kí ọmọ ọmọ yín tètè bá yín lọ sí báǹkì kí wọ́n máa ṣọ́ àkáǹtì yín. Kí baálẹ̀ sì gbọ́, kí ọlọ́pàá gbọ́, kí ọmọ yẹn tó dé abúlé kejì.

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an. Ìrànwọ́ wà, àmọ́ kò sí owó kan tí wọ́n ń pè ní owó ọ̀dá tí yóò dìde fúnra rẹ̀ wá bá yín nílé torí pé òjò kò rọ̀. Èyí tó wà, inú oríṣiríṣi òfin àti ètò ló fọ́n ká sí, ẹsẹ̀ yín ló sì máa lọ bá a. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gun alùpùpù ADP, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rán òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ àgbẹ̀, káàkiri Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Ìfẹ́lódùn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àìsí ètò ló ń pa àgbẹ̀ ìhà tiwa jù. Ọ̀dá tó bá wa kì í pariwo, àwa náà kì í sì í bá a pa á.

Ẹ wò ó. Omi tó bá ya wọ ìlú, tajá tẹran ló ń rí i. Òrùlé nìkan ló máa yọrí lójú omi, ọkọ̀ ojú omi á máa gba títì kọjá, àwọn oníròyìn á dé, àwọn èèyàn ńlá á wọ bàtà róbà wá kí wa. Ọ̀dá kò ní àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ láti Ajàṣẹ́ lọ sí Òmù-Àrán yóò rí àgbàdo tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yóò ní oko mà dára lọ́dún yìí. Kò ní mọ̀ pé kò sí èyí tó gbọmọ pọ̀n nínú wọn.

Ibi tí Ọlọ́run fi wá sí nínú máàpù Nàìjíríà tún dá kún un. Ètò Great Green Wall, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń gbin igi tí ó sì fi ń gbẹ́ kànga láti dènà aṣálẹ̀, ìpínlẹ̀ mọ́kànlá òkè pátápátá ló wà fún, láti Sókótó àti Kebbi títí dé Borno àti Adamawa. Kwara kò sí níbẹ̀. HYPPADEC tó ń ṣètọ́jú àwọn àdúgbò tí omi ìdídò iná mànàmáná ń dà láàmú kan Kwara lóòótọ́, àmọ́ etí odò Ọya ló ń wò jù. Ẹni tó ń wá ọ̀dá, ìhà Sahara ló ń kọjú sí. Ẹni tó ń wá omíyalé, ìhà Pàtígi àti Edu ló ń lọ. Àwa bọ́ sáàárín. A ní òjò tó nǹkan bíi mílímítà 1,200 lọ́dún ní ìhà Ìlọrin, nítorí náà lórí ìwé, kò sí ẹni tí yóò pè wá ní ilẹ̀ gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ ọdún kò sọ nǹkan kan fún àgbàdo. Òjò lè pé 1,200 kí ó má sì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àgbàdo ń yọ irun, oko náà ti lọ nìyẹn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú irun àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàdo kì í dárí ji òùngbẹ. Kí ó tó dìgbà náà, ó lè fara dà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè fi ọmọ kékeré parí rẹ̀.

Ṣé òfin mọ ọ̀dá? Ó mọ̀ ọ́n. Òfin tó dá NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí jàǹbá, sílẹ̀ lọ́dún 1999 láti rọ́pò NERA, àjọ tó wà láti 1976, to àwọn ohun tó ń jẹ́ jàǹbá lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀dá wà níbẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣáájú omíyalé. Mo fẹ́ kí ẹ di ìyẹn mú dáadáa, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni yóò sọ fún yín pé omíyalé, iná àti ìjà lásán ni àwọn ń bójú tó. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo abala kẹfà òfin náà. Owó àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 fún ìṣòro àyíká, tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund, ọ̀dá wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ó sì wà lára ibi tí NEMA ti ń rí owó.

Ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ kò ní àbùjá. Abúlé kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí jàǹbá ní Ìlọrin, àwọn wọ̀nyẹn ló ń pe NEMA. Ẹni tó bá fo ìjọba ìbílẹ̀ tó lọ kọ̀wé sí Àbújá tààrà, wọ́n á dá a padà síbi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì á sì ti lọ. Tí wọ́n bá gbọ́, ẹ má retí owó. Oúnjẹ, irúgbìn, ajílẹ̀, oògùn koríko ni wọ́n sábà ń kó wá. Lẹ́yìn omíyalé, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni NEMA ti pín fún àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ẹrù yẹn lè pẹ́ débi pé ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wúlò fún. Èmi ò ní tàn yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí mi jù rèé, ìyá wa: ẹ̀rí. Ní ọdún kan tí òjò já wa kulẹ̀ bẹ́ẹ̀, abúlé kan tó wà lọ́wọ́ mi dúró títí ọyẹ́ fi dé kí wọ́n tó kọ̀wé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan máa fi dé, màlúù ti jẹ pòròpórò tán, wọ́n ti dáná sun ìyókù. Ó dúró lórí ilẹ̀ dúdú, ó bi mí pé, "Níbo ni oko tó gbẹ ọ̀hún wà?" Mo nawọ́ sí eérú. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, n kò sì lè bá a jà.

Nítorí náà, ẹ má tíì fa àgbàdo yẹn tu. Ẹ má tíì jẹ́ kí màlúù wọ̀ ọ́. Kí ọmọ ọmọ yín gbé fóònù rẹ̀ wọ àárín oko, kì í ṣe etí oko, torí etí oko a máa tutù ju àárín lọ. Kí ó ya oko lápapọ̀, kí ó ya ilẹ̀ tó là, kí ó bó èèpo ọmọ àgbàdo bíi mélòó kan kí ojú rẹ̀ tó ṣófo hàn. Kí ó ṣí ibi tí fóònù ti ń kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n wà sí ara àwòrán náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ kà á. Ẹ mú ibi márùn-ún nínú oko náà, kí ibi tó dára díẹ̀ wà nínú wọn, torí bó bá jẹ́ ibi tó burú nìkan lẹ mú, ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò yóò mọ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ ka igi àgbàdo ogún, kí ẹ kọ iye tó ní ọmọ tó ṣe é jẹ. Àpapọ̀ igi jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí igi méjìdínlógún bá lọ́mọ, ẹ ti mọ̀ pé méjìlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣòfò. "Oko mi ti bàjẹ́ pátápátá" kò wúlò lórí tábìlì ọ́fíìsì. Nọ́ńbà tí ẹlòmíràn lè wá tún kà ló wúlò.

Ẹ wá ìwé tí ẹ fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún yín kí ó kọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn. Ẹ kọ ọjọ́ òjò tó rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ADP tó wà fún àdúgbò yín kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí i, kí ó kọ ohun tó rí, kí ó fọwọ́ sí i. Wọ́n kéré níye báyìí, mo mọ̀, ẹnì kan lè máa ṣọ́ abúlé tí kò lóǹkà láìsí epo nínú alùpùpù. Ẹ dá epo fún un. Kì í ṣe rìbá, ìnáwó ọ̀nà ni, kí gbogbo abúlé sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ má dá lẹ́tà náà kọ. Obìnrin kan tó kọ̀wé pé oko òun gbẹ, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Àgbẹ̀ ogójì láti abúlé mẹ́ta, tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye éékà àti iye àdánù oníkálukú wà nínú ìwé kan ṣoṣo, tí àwọn baálẹ̀ mẹ́ta fọwọ́ sí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ àjọ jàǹbá ìpínlẹ̀, ẹ̀dà kan sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ọmọ ilé aṣòfin yín. Ẹ̀dà karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: òun ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" fún yín pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì gbé e wálé. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ kò kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ òjò fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì kan lè sọ fún yín pé àwọn kò gbọ́ pé òjò dáwọ́ dúró, nítorí ibi tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ń wọn òjò nítòsí wa ni pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin. Òjò Ìlọrin kì í ṣe òjò Ìsin. Mo ti kúrò ní Ìdòfìàn nínú òjò ńlá rí, tí mo dé Òkè-Oníigbìn tí eruku ń sọ. Ẹ wá agolo tí ara rẹ̀ gún régé, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sórí òpó tó tó àyà èèyàn, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní dí i. Láràárọ̀, kí ọmọ ọmọ yín fi rúlà ilé ìwé wọn omi inú rẹ̀ ní mílímítà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó da omi náà nù. Tí omi kò bá sí, kí ó kọ òdo. Òdo yẹn gan-an la nílò. Òdo mẹ́tàlélógún tó tò léra nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, mo ti rí i tó pa ọ̀gá kan lẹ́nu mọ́.

Ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà kò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Wọ́n ní máàpù ọ̀dá kan níbẹ̀ tó ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó pín ọ̀dá sí ìpele márùn-ún, láti D0 dé D4 tó le jù. Bí àdúgbò kan bá wà ní D2 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léra wọn, tàbí tó kan D3, mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wọn lè kéde rẹ̀ ní àdúgbò jàǹbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lọ bẹ̀bẹ̀. Ìkéde yẹn kò sanwó, ìyá wa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí èlé rẹ̀ kéré ló ṣí. Àwọn tó ń sin màlúù ní ètò tiwọn tó ń sanwó fún koríko tó gbẹ. Àwọn tó ń gbin àgbàdo bíi tiyín, ìwé adójútòfò tí wọ́n ti sanwó fún kí wọ́n tó gbìn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbójú lé. Ohun tí mo jowú lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe owó náà. Máàpù ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, agolo yín àti ìwé yín ni yóò sọ ọ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí adójútòfò, èyí tí àwọn ará ilé wa kì í fẹ́ gbọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní iléeṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀ fún iṣẹ́ oko, NAIC ni orúkọ rẹ̀, 1987 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀dá wà lára ohun tó ń dáàbò bò, pẹ̀lú iná, ìjì, omíyalé, kòkòrò àti àrùn. Fún àwọn irè oúnjẹ bí àgbàdo, ìdajì owó náà ni àgbẹ̀ kékeré ń san. Ìjọba àpapọ̀ ní kí òun san 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìpínlẹ̀ san 12.5. Bí wọ́n bá ní ₦10,000 ni owó adójútòfò oko yín, ₦5,000 ni tiyín.

Ó ní ohun méjì tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má baà bínú sí mi lọ́la. Èkíní, ẹ ní láti ra á kí oko tó wà nínú ewu. Ẹ kò lè ra á nísinsìnyí fún àgbàdo tó ti gbẹ. Èkejì, owó tí ẹ ná sórí oko ni wọ́n ń wò: irúgbìn, ajílẹ̀, iṣẹ́. Kì í ṣe owó tí ẹ rò pé ẹ ó pa lọ́jà. Ẹni tó bá rò pé adójútòfò yóò fi òun sípò tí òun ìbá wà ká ní òjò rọ̀, á máa bú wọn ní olè. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ ó rí owó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ fún wọn, kí oko náà ṣì wà ní ìdúró nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ tún rí i, ẹ̀rí ni mo tún padà sí. (Àwọn tí ẹ̀sìn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan adójútòfò, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀ ní Ìlọrin: takaful, adójútòfò tó bá ìlànà Ìsìláàmù mu, wà, ìlànà ìjọba lórí rẹ̀ ti wà láti 2013, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é bóyá ó kan oko.)

Gbèsè yín. Ẹ má sá fún ẹgbẹ́. Ẹ mú àwòrán àti iye tí ẹ kà nínú oko lọ sí ìpàdé kí ọjọ́ sísan tó pé, kí ẹ ní kí wọ́n sún owó orí sí ìkórè ẹ̀gẹ́, kí ẹ máa san èlé díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní ọgbọ́n lórí yóò gbà, torí ẹni tó bá fi tipátipá ta ewúrẹ́ rẹ̀ láti san gbèsè lónìí ló máa wá yá owó ńlá lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn tí báǹkì ló yá lówó, àṣìgbọ́ kan wà tí mo fẹ́ tú. Òfin 1977 dá owó onídùúró kan sílẹ̀ ní báǹkì àpapọ̀ fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀, tó ń dúró fún 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá kù nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbọ́ "onídùúró" wọ́n rò pé ìjọba ti bá àwọn san án. Báǹkì ni ìjọba dúró fún. Gbèsè yín ṣì wà lọ́rùn yín. Ohun kan náà ló ba ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ Anchor Borrowers ti báǹkì àpapọ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi ní oṣù kọkànlá 2015: ọ̀pọ̀ ló gba irúgbìn àti ajílẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀bùn ọdún, wọn kò sì dá a padà.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í ṣe ti ọ̀dá, tó lè kàn yín. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ìdílé tálákà wà, àwọn ará ìlú ló ń tọ́ka ẹni tó yẹ kó wọ ibẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú àwọn ìdílé tí ìjọba àpapọ̀ kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún ní 2023. Ètò CARES tí Báǹkì Àgbáyé ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí Kwara náà wà nínú rẹ̀, ní apá tó ń fún àgbẹ̀ kékeré ní irúgbìn àti ohun èlò. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bóyá orúkọ yín wà. Kí orúkọ tó wà lára NIN yín àti ti àkáǹtì báǹkì bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo ti rí ìyá kan tó pàdánù owó nítorí "Adunni" tí wọ́n kọ sí ọ̀kan di "Aduni" lórí èkejì.

Oko yẹn ńkọ́? Oṣù Ògún la wà. Ẹ̀gẹ́ yín yóò sọ jí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Éékà tí àgbàdo rẹ̀ ti kú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya àwòrán tí ADP sì ti rí i, ẹ gé pòròpórò náà tà fún àwọn darandaran. Àmọ́ kí ẹ gé e sókè, kí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan kù nílẹ̀. Àgbàdo tí ẹ fi ajílẹ̀ sí tí òùngbẹ wá gbẹ, májèlé a máa kó jọ sí ìsàlẹ̀ igi rẹ̀, ó sì lè pa màlúù. Ọmọ díẹ̀ tó kù, ẹ ṣà á: èyí tó bu ewú tàbí tó ní àwọ̀ ewé lára, kò dára fún èèyàn, kò dára fún adìyẹ. Ọ̀dá àti èbu yẹn jọ máa ń rìn pọ̀ ni.

Kí ẹ má tún gbin àgbàdo síbẹ̀ báyìí, kódà bí ẹnìkan bá ní irúgbìn òun ń tètè gbó. Ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn, láti ìparí oṣù yìí sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Èyí tó ń tètè gbó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí àrọ̀kúrò tó ká ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀wà náà á sì dá agbára díẹ̀ padà fún ilẹ̀. Tàbí ànàmọ́: bí àwọn ará Ọ̀fà bá ń fi ànàmọ́ yangàn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí ó máa ń fara da ìyà tí àgbàdo kò lè fara dà. Bí ẹ bá ní àkùrọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ilá sí fún owó ojoojúmọ́.

Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ bèèrè irúgbìn àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá lọ́wọ́ ADP, ó ti pẹ́ tó ti wà. Wọ́n tún gbé TELA jáde ní oṣù kìíní 2024, èyí tí wọ́n fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè fara da ọ̀dá àti kòkòrò. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀, n kò ní tì yín síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí irúgbìn tó ń mu afẹ́fẹ́. Kí ẹ pín gbíngbìn sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín wọn, kí òjò má baà já gbogbo oko kulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ gbọ́ ti ìhà Kwara lórí rédíò kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Ní ti omi mímu, ẹ kò mẹ́nu bà á, àmọ́ mo mọ odò yín. Bí kànga ẹ̀rọ abúlé bá ti bàjẹ́, kí ẹ fi sínú lẹ́tà kan náà, kí ẹ ní kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé e dé RUWASSA, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí omi ìgbèríko. Títún kànga ṣe máa ń yá wọn lára ju oúnjẹ pínpín lọ.

Kí ọmọ ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la, àwòrán kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kíkà, lẹ́yìn náà ADP. Tí lẹ́tà bá ti wà nílẹ̀, kí ó yà á ránṣẹ́ sí mi kí baálẹ̀ tó fọwọ́ sí i, màá bá yín wò ó bóyá nọ́ńbà kankan ṣì ń ṣako. Agolo yẹn, ẹ gbé e síta lálẹ́ òní. Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ padà, ẹ ní láti mọ ọjọ́ tó rọ̀.